Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tó jókòó ti àwọn àgbà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àrọ́bá kì í dá rìn, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé e láti ẹnu dé etí, kí ẹlòmíràn sì gbé e láti etí dé inú ìwé. Ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, ọ̀kan nínú àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí ni Paul Hazoumé, olùkọ́ni, olùwádìí ìtàn àti òǹkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ìwé kan tí wọ́n kà fún ìdánwò. Àwọn tó mọ bí ó ṣe rí ohun tó kọ kò pọ̀. Ní àsìkò ọdún ìbílẹ̀, tí tọmọdé tàgbà péjọ láti ṣèrántí àwọn tó ti lọ, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ìbí rẹ̀ lákòókò ogun

Oṣù kẹrin ọdún 1890 ni wọ́n bí Hazoumé ní Àjàṣẹ́. Ìlú kò fara rọ rárá nígbà náà. Ọba Toffa, tó ti wà lórí oyè láti ọdún 1874, ti bá àwọn Fáránsé ṣe àdéhùn ààbò, Béhanzin ọba Dàhòmì sì ka èyí sí ọ̀dàlẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin yẹn kan náà, ogun Béhanzin àti ogun Fáránsé kojú ara wọn ní Atchoukpa, níbi tí kò jìnnà sí ìlú. Ọmọ ọwọ́ ni Hazoumé nígbà tí ìbọn ń dún.

Ẹ̀rù Dàhòmì kì í ṣe ti Àjàṣẹ́ nìkan. Ọdún 1886, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú, ni ogun ọba Glélé wó ìlú Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Ní gbogbo agbègbè yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé tí kò ní ẹni tó ń sunkún ẹnì kan. Inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Agbómẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Fáránsé, Béhanzin sì ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Martinique.

Bí ọ̀tá ti lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára àwọn ọba tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fáránsé ń dín kù. Nígbà tí Ọba Toffa wàjà ní ọdún 1908, àwọn tó jókòó sípò rẹ̀ kò ju olóyè lábẹ́ ìjọba Fáránsé lọ. Ìwé ló wá di ọ̀nà tí ọmọ ìlú fi lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti wúwo. Ilé ìwé àwọn oníjọ Kátólíìkì ní Àjàṣẹ́ ni Hazoumé ti kọ́kọ́ kàwé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tó padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1910, ó di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí.

Olùkọ́ tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilé ìwé

Iṣẹ́ ìjọba kì í jẹ́ kí olùkọ́ jókòó sílé. Wọ́n ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn, ó sì débi tó fi ṣiṣẹ́ ní Agbómẹ̀, ìlú àwọn tí àwọn bàbá rẹ̀ ti sá fún. Ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti hàn. Ẹlòmíràn ì bá kọ́ àwọn ọmọdé tán kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó máa ka ọjọ́ tí wọn yóò gbé e kúrò láàárín ọ̀tá. Ẹlòmíràn ì bá wá ẹ̀sùn kiri, kó máa kó ìwà ìkà Dàhòmì jọ láti fi dá àwọn baba rẹ̀ láre.

Hazoumé kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn àgbà tó gbé ayé nígbà Glélé àti Béhanzin ṣì wà láàyè nígbà náà: àwọn tó ti sin ọba, àwọn tó mọ orin ààfin, àwọn tó ti lọ sójú ogun. Ó lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ, ó sì béèrè. Ó mọ̀ pé àgbà kì í tú ẹrù ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àlejò lọ́jọ́ kan. Ohun tó lé ní ogún ọdún ló fi ń gbọ́, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn fi kú tán, ohun tí wọ́n mọ̀ kò bá wọn wọ sàréè pátápátá.

Orúkọ ọ̀tá di ohùn ìlú

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ara kò rọ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun ilẹ̀ òkèèrè, owó orí ń ni wọ́n lára, kò sì sí ìwé ìròyìn tó lè sọ̀rọ̀ sí ìjọba. Hazoumé àti Émile Zinsou Bodé, olùkọ́ bíi tirẹ̀, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àwọn èèyàn sì ń gbà á kà. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ìjọba náà ni wọ́n sì ń bá wí. Bí àṣírí bá tú, oúnjẹ ti bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e.

Orúkọ tí wọ́n fún ìwé náà ni Le Récadère de Béhanzin, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ Béhanzin. Ní Dàhòmì, bí ọba bá rán èèyàn níṣẹ́, ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ ìránṣẹ́ ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ọba ló ń sọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àjàṣẹ́ yóò mọ bí orúkọ yìí ti jinlẹ̀ tó. Ọmọ ìlú Toffa ló gbé ọ̀pá Béhanzin, ọba tó gbógun ti ìlú náà lọ́dún tí wọ́n bí i. Ìjà àwọn bàbá ti kọjá lójú Hazoumé. Ìyà kan náà ló ń jẹ ọmọ Àjàṣẹ́ àti ọmọ Agbómẹ̀.

Láti ìwé ìkọ̀kọ̀ dé ìwé ńlá

Ní ọdún 1925, àlùfáà Francis Aupiais, Fáránsé tó wà ní Àjàṣẹ́, dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ tó pè ní La Reconnaissance africaine. Ó fẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé nínú ọmọ ilẹ̀ yìí máa kọ nípa àṣà wọn fúnra wọn, kí àwọn òyìnbó lè mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ní ọgbọ́n àti ètò kí wọ́n tó dé. Hazoumé wà lára àwọn tó kọ̀wé sí i. Láàárín ìgbà kan náà, ọmọ Kétu kan, Thomas Mouléro, tó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ yìí ní ọdún 1928, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí ìtàn Kétu. Iná kan náà ló ń jó ní ìlú méjèèjì.

Ọdún 1937 ni ìwé ńlá Hazoumé àkọ́kọ́ jáde ní Paris, Le Pacte de sang au Dahomey. Ọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ ló dá lé. Àwọn Yorùbá mọ ohun tí ìmùlẹ̀ jẹ́: ọ̀rẹ́ tó bá jọ mulẹ̀ kò gbọ́dọ̀ da ara wọn. Ní Dàhòmì, wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ohun mímu, wọ́n á sì jọ mu ún pẹ̀lú ìbúra. Hazoumé fi hàn pé kì í ṣe eré àwọn ọ̀rẹ́ lásán. Òun ni àwọn ọba fi ń so àwọn ìjòyè àti àwọn tí wọ́n fọkàn tán mọ́ ara wọn, tó fi jẹ́ pé ìbẹ̀rù oró ìmùlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọlọ́pàá kò lè ṣe.

Ọdún kejì, 1938, ni Doguicimi jáde, ìwé ìtàn tó gùn púpọ̀, tí ó gbé ka ìgbà ọba Gézò, tó jọba láti 1818 sí 1858. Doguicimi ni aya ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Toffa, ẹni tó bá ọba Àjàṣẹ́ jẹ́ orúkọ lásán. Nígbà tí ọ̀tá mú ọkọ rẹ̀ lójú ogun, obìnrin yìí sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ọba lójú gbogbo ààfin. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́, àrẹ̀mọ ọba fẹ́ ẹ títí, kò gbà. Nígbà tí orí ọkọ rẹ̀ padà wálé, ó ní kí wọ́n sin òun pẹ̀lú rẹ̀ láàyè. Hazoumé kò bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìwé náà, kò sì bo ọlá mọ́lẹ̀. Ó kọ nípa ìrúbọ èèyàn, ó kọ nípa oríkì, òwe, ìjókòó ìgbìmọ̀ àti ìwà akin obìnrin kan tí kò bẹ̀rù ọba.

Iṣẹ́ náà kò ṣàìní àbùkù lójú àwọn kan. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Paris lábẹ́ ìjọba amúnisìn ni, àwọn òǹkàwé kan sì ti rí i pé ó fi ojú rere wo wíwá àwọn Fáránsé. Ẹni tó fi ọwọ́ kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ bá ìjọba wí nígbà èwe rẹ̀, ó ti mọ ìwọ̀n ohun tí òǹtẹ̀wé lè gbà. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà ńbẹ̀. Ọdún 1938 kan náà ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Yorùbá. Ọmọ ilé ìwé tó ti Nàìjíríà wá lè ka ti Fágúnwà sétí ìyá rẹ̀. Ti Hazoumé, èdè Fáránsé ni. Ìyá olójà ní Àjàṣẹ́, tó mọ àwọn òwe tó wà nínú rẹ̀ ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ, kò lè kà á.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Hazoumé ṣojú Dàhòmì nínú Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Fáránsé. Nígbà tí wọ́n dá Présence Africaine sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1947, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú Senghor, Césaire, Richard Wright àti Sartre. Ó wà níbi àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ní Sorbonne ní ọdún 1956. Dàhòmì gba òmìnira ní 1960. Ní 1968, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó díje fún ipò ààrẹ. Ìjọba ológun fagi lé ìbò náà.

Oṣù kẹrin ọdún 1980 ló kú ní Kútọnù, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí nígbà ogun ti di Benin láti ọdún 1975. Ní 1990, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìbí rẹ̀, Doguicimi jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó kù nílé

Àjàṣẹ́ òde òní kò ṣàìní ibi ìrántí. Ààfin Ọba Toffa ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Honmè, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ Alexandre Sènou Adandé, ọmọ ìlú náà tó kọ̀wé lórí àwọn ọ̀pá àṣẹ ọba Dàhòmì. Ohun tí ọwọ́ lè gbá mú ló wà níbẹ̀: ìlù, aṣọ, àga, eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀rọ̀ tó so mọ́ wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà: ta ló gbẹ́ ìlù yìí, agbo ilé wo ló ń lù ú, kí ni wọ́n ń kọ sí i, ibo ni ààlà ilẹ̀ wọ́n dé létí ọ̀sà. Nígbà tí ẹjọ́ oyè tàbí ti ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn aláṣẹ, ìgbà yẹn ni ìlú ń mọ iye ohun tí kò kọ sílẹ̀.

Ìgbésí ayé Hazoumé kò béèrè ohun ńlá lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ni, kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ìwé, kálámù, sùúrù àti ìtẹríba níwájú àgbà ló ní. Ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ lè rí ọ̀dọ́ kan ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ lè fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn aláṣẹ ìlú lè wá àpótí tí kò ní jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gùn, ìyá olójà náà yóò gbọ́, yóò sì lè ṣàtúnṣe níbi tí wọ́n bá ti ṣì í kọ.

Ó ju ogún ọdún lọ kí ohun tí Hazoumé gbọ́ tó di ìwé. Àwọn àgbà tí yóò dáhùn lónìí wà níbi ọdún yìí, lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń wo ìjó.