John Bardeen: Ẹni Jẹ́jẹ́ Tó Bá Wọn Dá Tíránsísítọ̀ Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi Life Camp ní Àbújá ṣe ibùgbé ló ń fi fóònù kí ẹbí wọn nílé. Nínú fóònù ìgbàlódé kan, ohun bíńtín tí à ń pè ní tíránsísítọ̀ lè ju bílíọ̀nù 10 lọ. John Bardeen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 13 tí ìyá rẹ̀ fi kú. Síbẹ̀, ó tẹpá mọ́ ẹ̀kọ́ títí ó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní ọdún 1936.

Ní ọdún 1945, ó wọ ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell. Láyé ìgbà náà, gílóòbù tó ń gbóná tó sì ń jẹ iná ni wọ́n fi ń ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Kọ̀ǹpútà ENIAC ti ọdún 1946 lo irú rẹ̀ tó lé ní 17,000, ó sì kún gbọ̀ngàn kan.

William Shockley, ọ̀gá wọn, ti gbìyànjú láti fi agbára iná láti òde darí iná tó ń kọjá nínú ohun líle, ṣùgbọ́n pàbó ló já sí. Bardeen ló rí ìdí rẹ̀: àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù há sí ojú ohun náà, wọ́n dàbí ògiri tí kò jẹ́ kí agbára náà wọlé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1947, òun àti Walter Brattain mú jẹmáníọ̀mù, ohun kan tó jọ irin, wọ́n fi wúrà kan ojú rẹ̀ ní ibi méjì tó súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Iná kékeré tó gba ibì kan wọlé ń darí iná ńlá níbi kejì, bí ọmọdé ṣe lè fi ìka yí ẹ̀rọ omi kí omi tú yaa. Nítorí náà ó ń sọ ohùn tínrín di ńlá, ó sì ń ṣí iná, ó ń pa á. Lórí ṣíṣí àti pípa yìí ni ìṣirò kọ̀ǹpútà dúró lé.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Inú Shockley kò dùn pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹ̀tọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Ó dá irú tirẹ̀, ó sì dí ọ̀nà iṣẹ́ náà mọ́ wọn. Bardeen fi tó àwọn ọ̀gá àgbà létí. Nígbà tí kò sí àyípadà, ó gba Yunifásítì Illinois lọ ní ọdún 1951.

Ní ọdún 1956, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel. A gbọ́ pé ọba Sweden bá Bardeen wí pẹ̀lẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta ló mú wá; ó sì ṣèlérí pé gbogbo wọn ni yóò bá òun wá nígbà mìíràn. Ìlérí náà ṣẹ. Ní ọdún 1972, òun, Leon Cooper àti John Robert Schrieffer gba ẹ̀bùn náà, nítorí wọ́n ti ṣàlàyé ní ọdún 1957 ìdí tí iná fi ń gba inú irin mìíràn kọjá láìsí ìdíwọ́ bí òtútù bá mú un gan-an. Kò sí ẹlòmíràn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1991 ni ó jáde láyé. Kò jẹ́ kí ìbínú lé òun kúrò nídìí ìmọ̀. Ohun tó bá wọn dá sílẹ̀ sì ń kéré sí i bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀: 2,300 péré ló wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel 4004 ti ọdún 1971. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.