John Edward Gray, Ẹni Tí Ó Sọ Ọ̀pọ̀lọ́ Èkó Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kan ń bẹ nínú omi igbó ilẹ̀ wa tí ó jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ jókòó sí. Ẹni náà ni John Edward Gray.

Ìlú Walsall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, ọdún 1800. Ní 1821, ó bá bàbá rẹ̀ ṣe ìwé kan lórí ewéko. Ní 1822, ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ onímọ̀ pàtàkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ̀ ọ́. Kò torí èyí jáwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé Ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824. Láti 1840 títí di 1874, òun ni olórí ẹ̀ka ẹranko níbẹ̀. Ó kú ní 1875.

Ní 1864, ó kọ̀wé lórí ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n mú wá láti Èkó, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1861. Ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ni, kò ní ahọ́n, èékánná dúdú sì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Gray pè é ní Silurana tropicalis. Xenopus tropicalis ni a ń pè é lónìí.

Iṣẹ́ Gray ni láti fi ààlà sáàárín irú ẹ̀dá kan àti èkejì. Ohun tí òkú ọ̀pọ̀lọ́ inú ìgò kò lè fi hàn án ni pé ẹbí a máa fo ààlà náà. Kúrómósóòmù 20 ni ọ̀pọ̀lọ́ Èkó ní. 36 ni ti Xenopus laevis, ìbátan rẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ka gbogbo àbùdá ìran tropicalis kan tí ó ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí wọ́n fi ti laevis wé e ní 2016, àṣírí tú: irú ọ̀pọ̀lọ́ méjì tí ó bára tan ti gun ara wọn ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 17 sẹ́yìn, ọmọ amúlùmálà wọn sì jogún ti bàbá àti ti ìyá pọ̀.

Gray ṣe tirẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké létí odò Ọ̀tìn, ta ni yóò wo ilé wọn fún wa? Àwa tí a mọ ilé ni ó kàn.