Robert Warington: ẹni tó fi ìṣáwùrú tún omi inú dígí ṣe

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ológun. Onímọ̀ chimie ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Warington lorúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ẹja nínú àpótí dígí lóde òní, tí ewé tútù wà níbẹ̀, tí omi sì mọ́ gaara, ó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ohun ẹlẹ́mìí sínú dígí. Obìnrin Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ ní ìlú Messina, ní erékùṣù Sicile, láàárín ọdún 1830 sí 1840, ẹran inú òkun lòun ń wò. Ṣùgbọ́n Warington ló ṣàlàyé yékéyéké bí ẹja, ewé àti ìṣáwùrú ṣe lè jùmọ̀ gbé omi kan náà láìpa ara wọn.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1807 ni wọ́n bí i ní Sheerness, ìlú etí òkun kan. Ní 1822, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ chimie kan tó ń jẹ́ John Thomas Cooper. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Turner ní yunifásítì tuntun tí wọ́n ṣí ní London ní 1828. Láti 1831 dé 1839, ilé iṣẹ́ ọtí bíà ló ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ chimie London sílẹ̀ ní 1841, òun náà sì ni akọ̀wé wọn fún bí ọdún mẹ́wàá. Ní 1842, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn London gbà á síṣẹ́ láti máa bójú tó oògùn tí wọ́n ń pò. Ojú rẹ̀ mú gan-an ni: ó yẹ ewé tíì tí wọ́n ń tà lọ́jà wò, ó sì rí i pé wọ́n ti fi aró kun òmíràn kó lè dára lójú.

Ojú tó mú yìí náà ló fi wo omi. Ní 1849, ó gbé ìkòkò dígí kan tó lè gba bíi lítírì 54, ó bu omi ìsun sí i dé ìdajì. Ó fi iyanrìn àti ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó to òkúta sí i kí ẹja lè rí abẹ́ rẹ̀ sá sí. Ó gbin ewé omi kan tí wọ́n ń pè ní Vallisneria, ó kó ẹja pupa kékeré méjì sí i, ó wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀ nítorí èéfín àti èérí ìlú London.

Èrò rẹ̀ ni pé ẹja ń mí, afẹ́fẹ́ tó mí jáde yóò wúlò fún ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tan sí ewé, ewé náà yóò dá afẹ́fẹ́ rere padà sínú omi, èyí tí a ń pè ní oxygène, ẹja yóò sì fi í mí. Èrò náà dára. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó yá, nǹkan yíwọ́. Àwọn ewé tó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi dàrú. Ewé yíyọ̀ wá bo ojú omi àti ara dígí. Ẹ mọ̀ ọ́n: ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Algues ni Faransé ń pè é. Ó ń bo ewé tí a gbìn mọ́lẹ̀, ewé náà kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá da omi náà nù, kó fọ dígí, kó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Warington kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú adágún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fọ nǹkan kan. Ó rí i pé ìṣáwùrú ni. Ó kó márùn-ún tàbí mẹ́fà sínú dígí náà. Wọ́n jẹ ewé tó ń jẹrà, wọ́n há ewé yíyọ̀ jẹ, omi sì mọ́ padà. Wọ́n tún yé ẹyin, ẹyin náà àti àwọn ọmọ wọn sì di oúnjẹ fún ẹja. Ìdọ̀tí ẹnì kan ti di oúnjẹ ẹnì kejì.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1850. Ní 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko London. Nígbà tó di 1854, ìwé Philip Henry Gosse ti mú kí orúkọ náà, aquarium, tàn kálẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan kù tí Warington kò mọ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń di májèlé nínú omi, ta ló ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀? Ní 1877, àwọn ọmọ Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, fi hàn pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ni. Ọmọ Warington fúnra rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Robert, ṣiṣẹ́ lé e lórí nínú ilẹ̀ oko ní Rothamsted, ó sì rí i pé oríṣi méjì ni wọ́n: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, èkejì á parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kó ẹja púpọ̀ sínú omi tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kò rí èyí kó tó kú ní Budleigh Salterton, ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1867, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Kí ni èyí kàn wá sí? Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ìgò dígí kan lè kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ju pátákó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó yan ẹja tó bá ibẹ̀ mu. Èpìyà a máa jẹ ewé, àrọ̀ a sì máa gbé ẹja kékeré mì. Àwọn méjèèjì tún máa ń tóbi ju ìgò lọ. Kó má fi oúnjẹ kún omi, nítorí èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ewé yíyọ̀ ń jẹ. Kó má gbé e sínú oòrùn gangan.

Ọ̀rọ̀ kan wà o tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: ẹ má rán ọmọ lọ kó ìṣáwùrú nínú adágún tàbí odò tí kò ṣàn. Àwọn kan nínú ìṣáwùrú ilẹ̀ wa ló ń gbé kòkòrò bilharziose, àìsàn tó ń mú kí ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, inú omi yẹn náà ni kòkòrò ọ̀hún ti ń gba awọ ara wọlé. Bí kò bá sí ìṣáwùrú tó dájú, ẹ fi ọwọ́ yọ ewé tó bá kú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀ díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú dígí Warington: ẹja tó lẹ́wà kò lè tún omi ara rẹ̀ ṣe, ìṣáwùrú tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì ló bá a ṣe é.