Goldie tó dáná sun ìwé ara rẹ̀: Ẹ má ju àpò lẹ́tà bàbá yín nù

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó ti kú láti ọdún 1925 ni mo mú wá sí ojú ìwé yìí lónìí. Púpọ̀ nínú wa ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé, tí a sì gbàgbé rẹ̀ ní kété tí ìdánwò parí. Sir George Goldie ni. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló kàn wá. Tí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Jos kò jìnnà rárá.

Ọ̀rọ̀ sítáǹpù ló gbé mi dé ìdí rẹ̀. Àwọn kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé sítáǹpù àtijọ́ àti àpò lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ. Lára ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì ni lẹ́tà tí kì í ṣe ìjọba ló gbé e, tó jẹ́ kọ́ńpìnnì aládàáni. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn 1840, owó ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọ́n gan-an. Àwọn aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń tẹ sítáǹpù tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Lysander Spooner, agbẹjọ́rò tó tún ń bá òwò ẹrú jà, tó dá American Letter Mail Company sílẹ̀ ní 1844. Ìjọba bínú sí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1845, ìjọba fúnra rẹ̀ dín owó lẹ́tà kù. Sítáǹpù àwọn kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ ti di ohun iyebíye lónìí.

Nílẹ̀ tiwa náà, kọ́ńpìnnì aládàáni gbé lẹ́tà rí. Royal Niger Company ni, Goldie ló sì dá a sílẹ̀.

Wọ́n bí ọkùnrin yìí ní ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1846, ní erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Isle of Man, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, àbíkẹ́yìn ni láàárín àwọn ọmọkùnrin bàbá rẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich, ó sì di ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Bí ìbátan rẹ̀ kan ṣe kú tó fi owó sílẹ̀ fún un, ó pa iṣẹ́ ológun tì, ó kọrí sí Íjíbítì, ó sì gbé inú aṣálẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó padà délé, ó gbé obìnrin tó ń tọ́ àwọn ọmọ ilé wọn sá lọ sí Paris. Ogun ká wọn mọ́ ìlú náà ní 1870, wọn ò sì rọ́nà jáde títí tí ọdún fi yí. Ní 1871, ó fẹ́ obìnrin náà níyàwó. Ẹni tó rí i nígbà náà kò ní rò pé nǹkan gidi lè ti ara rẹ̀ jáde.

Òwò ìdílé ló gbé e wá sí Odò Ọya ní 1877. Kọ́ńpìnnì kékeré kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ ní owó nínú rẹ̀ ló fẹ́ kú. Nígbà tó dé, ó rí i pé àwọn oníṣòwò òyìnbó pọ̀ lórí odò, wọ́n ń bá ara wọn díje lórí epo pupa, kò sì sí ẹni tó ń jèrè tó yẹ. Ó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan ní 1879. Àwọn Faransé náà wà níbẹ̀, ó bá wọn fi iye ọjà figagbága títí tí wọ́n fi ta tiwọn fún un ní 1884. Àwọn aṣojú rẹ̀ ń káàkiri, wọ́n ń gba àmì ọwọ́ àwọn ọba sórí ìwé àdéhùn. Ní oṣù keje ọdún 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ìwé àṣẹ, kọ́ńpìnnì náà sì di Royal Niger Company. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá.

Ẹ wo ohun tí ìwé àṣẹ yẹn túmọ̀ sí. Kọ́ńpìnnì tó ń ra epo ló tún ń gba owó ibodè, òun ló ní ilé ẹjọ́, òun ló ní ọmọ ogun. Òun náà ló ń gbé lẹ́tà. Bí míṣọ́nárì tàbí akọ̀wé kan ní Lọ́kọ́ja bá kọ ìwé sí ilé, ọkọ̀ kọ́ńpìnnì ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí odò dé Akassa, létí òkun. Sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì tó ní orí Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí kọ́ńpìnnì kò tẹ sítáǹpù tirẹ̀. Òǹtẹ̀ tó ní orúkọ kọ́ńpìnnì ni wọ́n ń lù lé e, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Akassa, Burutu, Lọ́kọ́ja àti Abutshi ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn wà kó tó di 1900. Ní Amẹ́ríkà, aládàáni ń bá ìjọba díje, mẹ̀kúnnù sì jèrè rẹ̀. Lórí Odò Ọya, aládàáni náà ni ìjọba. Ẹni tí kọ́ńpìnnì bá rẹ́ jẹ, tó fẹ́ kọ̀wé fi ẹjọ́ sùn nílùú òyìnbó, inú ọkọ̀ kọ́ńpìnnì náà ni ìwé rẹ̀ yóò gbà kọjá.

Ẹjọ́ sì wà. Àwọn ará Nembe, tí òyìnbó ń pè ní Brass, ti ń ra epo lórí odò náà kí wọ́n tó bí Goldie. Kọ́ńpìnnì fa ìlà, ó ní òde ìlà ni wọ́n wà, àjèjì ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n san 50 pọ́n-ùn fún ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè tajà níbi tí àwọn baba wọn ti ń tajà, yàtọ̀ sí àwọn owó mìíràn. Ebi wọ ìlú. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 1895, Ọba Koko kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n kọlu Akassa, ẹ̀mí sì ṣòfò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ ogun òyìnbó lọ ba Nembe jẹ́. Wọ́n rán Sir John Kirk wá láti Lọ́ńdọ̀nù láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, tí wọ́n bí ní Jos, tí wọ́n sì ń bi níbi gbogbo pé ìlú wo ni mo ti wá, mi ò lè ka ìtàn Nembe kọjá láìdúró.

Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá gan-an ní 1897. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún yẹn, Goldie fúnra rẹ̀ bá ọmọ ogun kọ́ńpìnnì lọ sí Bídà, wọ́n sì fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun àwọn Tápà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjú sí Ìlọrin ní oṣù kejì. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin jáde pàdé wọn, ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè bá ìbọn òyìnbó jà. Wọ́n yin ìbọn sínú ìlú, ilé jóná, Ẹ́míà Sulaiman sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀ffà àti agbègbè wọn tó wà láàárín wa ní Jos níhìn-ín, ẹ gbọ́ o: abẹ́ kọ́ńpìnnì tí ìlú yín bọ́ sí yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n kà yín mọ́ Àríwá nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà ní 1900.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ kọ́ńpìnnì gẹ́gẹ́ bí ìjọba parí. Faransé ń sún mọ́ wa láti ìhà Borgu, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára oníṣòwò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ padà, wọ́n sì san 865,000 pọ́n-ùn fún kọ́ńpìnnì. Ó tún wà nínú àdéhùn pé ìdajì owó tí ìjọba bá ń gbà lórí ohun àlùmọ́ọ́nì ní apá ńlá kan ilẹ̀ Àríwá yóò jẹ́ ti kọ́ńpìnnì fún ọdún 99. Plateau wà nínú ilẹ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa nìyí. Goldie ti fi kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1900 ni Niger Company rán àwọn ẹnjiníà wá wá kùsà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ti ń yọ́ kùsà ní Liruein Delma, wọ́n ń tà á lọ́jà, kí òyìnbó tó mọ̀. Ní Naraguta ni kọ́ńpìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Kùsà ló fa ọkọ̀ ojú irin tó ti Zaria wọ Jos àti Bukuru ní 1914, òun náà ló fa èyí tó wọlé láti Kafanchan ní 1927. Ọkọ̀ ojú irin ló kó akọ̀wé, télọ̀, káfíńtà àti aláṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Òṣogbo àti Ẹjìgbò. Àwọn baba wa nìyẹn.

Goldie lo ọdún 25 sí i láyé lẹ́yìn tí kọ́ńpìnnì rẹ̀ kógbá ìjọba wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní 1898. Wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1905 dé 1908. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn ayé òun. Kó tó kú, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó dáná sun wọ́n. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 1925, ó dákẹ́.

Ẹ̀yin ará mi, iná yẹn kò pa ìtàn rẹ́. Ó sun ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sun èyí tí àwọn míṣọ́nárì, ọ̀gá ọkọ̀ àti akọ̀wé kọ sí ilé wọn. Ìyá tàbí àbúrò ẹnì kan ló tọ́jú wọn sínú àpótí. Àwọn àpò ìwé yẹn ni àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ń wá kiri. Wọ́n máa ń yí wọn síwá sẹ́yìn: òǹtẹ̀ sọ ibi tí lẹ́tà ti gbéra àti ọjọ́ tó gbéra, òmíràn lẹ́yìn sọ ọjọ́ tó gúnlẹ̀, orúkọ tó wà lójú rẹ̀ sọ ẹni tó ní in. Nítorí náà ni sítáǹpù tó wà lára àpò rẹ̀ fi níye lórí ju èyí tí wọ́n gé kúrò lọ.

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní Jos. Àbúrò rẹ̀ wà ní Kumasi títí tí wọ́n fi lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana ní 1969, ó sì ń kọ̀wé sí i déédéé. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, mo rí àwọn lẹ́tà náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi síkásọ̀ gé sítáǹpù wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ẹ̀kọ́ mi, màmá mi sì fi àpò àti lẹ́tà dáná. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Sítáǹpù mọ́kàndínlógún ni, òǹtẹ̀ wọn ti gé sí méjì, n kò lè ka ọjọ́ kankan níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá ní kí n fi ohun tí bàbá mi gbà ní Jos lọ́dún kan pàtó hàn wọ́n, mi ò ní nǹkan kan.

Ẹlòmíràn kò fọwọ́ ara rẹ̀ sun tirẹ̀. Nínú rògbòdìyàn 2001 àti 2008, ilé jó ní ìlú yìí, àpótí ìwé jó mọ́ ọn, ti Yorùbá, ti Hausa, ti Igbo, ti ọmọ ilẹ̀. Èyí tó kù ò pọ̀ mọ́. N kò sọ pé àpò lẹ́tà lè parí àríyànjiyàn ta ni onílẹ̀ àti ta ni àlejò. Ṣùgbọ́n àpò tó ní orúkọ bàbá rẹ, tó ní Jos lójú rẹ̀, tó sì ní òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọdún, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ tú àpótí àwọn àgbà wò kí ikán tó tú u. Ẹ má gé sítáǹpù, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ má sì yára tà á fún ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Ẹ fi wọ́n sínú ìwé mímọ́ níbi tí omi àti oòrùn kò lè dé, kí ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn wọn, kí ẹ sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní ìlú mìíràn, kó má baà jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló wà. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan wá, ká jọ kà á sí etí àwọn ọmọ.

Ọlọ́run yóò dá ìlú Jos sí fún wa. Ó tún dìgbà kan ná.