DJ Screw: Ẹni tó Fẹ̀sọ̀ Lu Orin



Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin DJ Screw lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé fóònù náà ti bàjẹ́ ni. Ohùn olórin ń fà, ìlù ń rọra rìn bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Bàbá mi tó jókòó nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kásẹ́ẹ̀tì àwọn ṣe máa ń dún láyé àtijọ́ tí bátìrì rédíò bá ti fẹ́ kú. Àṣé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀! Ni mo bá wá ìtàn ọkùnrin náà lọ.

Robert Earl Davis ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1971, ní Smithville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Awakọ̀ tírélà ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ wu òun náà. Àmọ́ ní 1984, ó wo fíìmù Breakin', tó dá lórí ijó àwọn ọ̀dọ́ hip-hop, ọkàn rẹ̀ bá yí padà. Ó kó àwo B.B. King àti ti Johnnie Taylor tí ìyá rẹ̀ ní jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fà wọ́n síwá sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ. Àwo tí kò bá dùn mọ́ ọn nínú, á fi ìṣó tí wọ́n máa ń yí wọ inú igi ha á lára. Screw ni Òyìnbó ń pe ìṣó yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mú orúkọ fún un.

Nígbà tó dàgbà, ìlú Houston ló fi ṣe ibùgbé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àrà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Á gbé ẹ̀dà àwo kan náà méjì sórí ẹ̀rọ méjì, á jẹ́ kí ọ̀kan fi díẹ̀ gbẹ́yìn èkejì. Á wá máa yára gbé ohùn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà á dún lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń gé orin wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, á gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, á sì dín eré rẹ̀ kù. Wọ́n ń pe irú orin yìí ní chopped and screwed: chopped ni gígé yẹn, screwed sì ti ara orúkọ rẹ̀ wá. Ohun tó ń fẹ́ ni kí èèyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin yékéyéké.

Àwọn ọ̀dọ́ olórin àdúgbò, bíi Fat Pat, Big Hawk, Lil' Keke àti Big Moe, á wá sílé rẹ̀, wọ́n á máa fẹnu dá orin sórí kásẹ́ẹ̀tì mọ́jú. Screwed Up Click ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Dọ́là 10 ló ń ta kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà á tò lọ rẹrẹ níwájú ilé rẹ̀, débi pé àwọn ọlọ́pàá rò pé oògùn olóró ló ń tà. Ní 1998, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ibi tó dùn mí nínú ìtàn náà nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń bu oògùn ikọ́ tó ní kodéènì mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu, bẹ́ẹ̀ ikọ́ ò ṣe wọ́n. Screw náà ń mu ún. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ọdún 2000, wọ́n bá òkú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe orin. Kodéènì àti àwọn oògùn mìíràn ló pa á. Ọmọ ọdún 29 péré!

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé kodéènì ló bí orin yẹn. Mi ò gbà o. Screw fúnra rẹ̀ sọ nígbà ayé rẹ̀ pé kò dìgbà tí èèyàn bá yó kó tó gbádùn kásẹ́ẹ̀tì òun. Ọwọ́ tó ń yí àwo, etí tó mọ ìlù, àti àìsùn lóru ló bí i. Ohun tí oògùn ṣe ò ju pé ó gba ọwọ́ yẹn lọ. Ẹ má sì sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodéènì àti kíkó o wọlé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa tó ń mu ún yó.

Lónìí, yunifásítì kan ní Houston ti kó àwo rẹ̀ tó lé ní 1,000 pa mọ́ sí ilé-ìkàwé wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. DJ Screw fẹ̀sọ̀ mú orin, orin ò sì bàjẹ́. Ara rẹ̀ ni kò fẹ̀sọ̀ mú.