Ìtàn Ìgbésí Ayé Charles Chamberland, Ẹni tí ó Sẹ́ Omi fún Aráyé

Omi kò ní ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n omi kan náà tí a fi ń pa òǹgbẹ a máa gbé ikú wọ ilé ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, yálà Nàìjíríà ni ẹ ti wá, tàbí Benin, tàbí Togo, tàbí Burkina Faso níhìn-ín, kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ Louis Pasteur rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé ta ni Charles Chamberland, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

A bí Charles Édouard Chamberland ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1851 ní Chilly-le-Vignoble, abúlé kan ní ẹkùn Jura, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ẹkùn yìí kan náà ni Pasteur. Nígbà tí Chamberland dàgbà, ó wọ École Normale Supérieure ní Paris, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ọ̀nà olùkọ́ni tí àwa náà ń tọ̀ lónìí ni òun náà kọ́kọ́ tọ̀. Níbẹ̀ ni Pasteur ní yàrá ìwádìí rẹ̀ sí, Chamberland sì di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àkókò náà, àríyànjiyàn ńlá wà lórí ibi tí àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ti ń wá. Chamberland rí i pé àwọn kan nínú wọn ní irúgbìn tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí omi híhó kò fi lè pa á. Ní ọdún 1879 ó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà, ó sì ṣe ìkòkò irin kan tí a dé pinpin, tí oru omi inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, tí ooru rẹ̀ sì fi ga ju ti omi híhó lọ dé nǹkan bí ìwọ̀n 120. Kò sí irúgbìn kòkòrò inú yàrá ìwádìí wọn tí ó lè fara da á. Irú ìkòkò yìí ni àwọn ilé-ìwòsàn ń lò títí di òní láti fọ ọ̀bẹ àti aṣọ iṣẹ́-abẹ mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò.

Ní ọdún 1881, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Émile Roux bá Pasteur ṣe iṣẹ́ tí ó mú orúkọ Pasteur kàn káàkiri ayé. Ní Pouilly-le-Fort, wọ́n kó àgùntàn àti ewúrẹ́ 50 jọ. Wọ́n fún 25 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn anthrax, wọn kò sì fún 25 yòókù. Lẹ́yìn náà wọ́n fi àrùn náà gan-an sí gbogbo wọn lára. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, àwọn tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ ti kú tàbí kí wọ́n máa kú lọ, àwọn tí a fún sì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé oògùn tí Pasteur fi afẹ́fẹ́ sọ di aláìlágbára ni a lò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, Adrien Loir, ìbátan ìyàwó Pasteur, kọ ọ́ sínú ìwé pé kẹ́míkà tí Chamberland lò ni a fi ṣe oògùn náà, ìwé àkọsílẹ̀ Pasteur fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i nígbà tí àwọn òpìtàn kà á. Chamberland ti kú ní 30 ọdún ṣáájú kí a tó tẹ ìwé Loir. Iṣẹ́ ni ó mú ní pàtàkì, kò du orúkọ.

Nísinsìnyí a dé orí iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Gbogbo wa ni a mọ àmù. A mọ̀ pé ara àmù a máa làágùn, nítorí pé ihò wínníwínní wà lára amọ̀ tí omi ń gbà jáde. Ohun tí Chamberland ronú lé lórí nìyí. Ó mú tánganran tí a kò kùn dán, ó mọ ọ́n bí àbẹ́là tí inú rẹ̀ ṣófo, ó sì fi ipá mú omi láti ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀. Omi kọjá, kòkòrò kò lè kọjá. Ní ọdún 1884 ó gbé e síwájú Ẹgbẹ́ àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Faransé. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa ènìyàn ní Paris nígbà náà. Asẹ́ yìí tàn ká inú ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti bárékè àwọn ọmọ ogun.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó bá ń sẹ́ nǹkan ni ń dí. Ẹ wo ìyá tí ń sẹ́ ògì: bí èèrí bá ti pọ̀ lójú asẹ́, omi kì í kán mọ́, àfi kí ó fi ọwọ́ rà á, kí ó sì da èèrí nù. Bẹ́ẹ̀ ni àbẹ́là Chamberland rí. Ẹrẹ̀ àti kòkòrò a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, wọn a sì di ohun yíyọ̀ bí irú èyí tí ń bá inú àmù tí a kò fọ̀. Omi tí ó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ a wá máa kán tó, tó. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn kòkòrò a máa dàgbà gba inú ihò náà wọlé, asẹ́ tí a gbẹ́kẹ̀ lé a sì di ilé àrùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń sè é tàbí kí wọ́n fi iná yan án lóòrèkóòrè. Ilé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ jàǹfààní. Ilé tí kò ṣe é ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Asẹ́ náà tún so èso tí ẹni tí ó ṣe é kò retí. Ní ọdún 1888, Roux àti Alexandre Yersin fi í ya májèlé àrùn diphtheria kúrò lára kòkòrò tí ń ṣe é. Ní ọdún 1892, Dmitri Ivanovsky ní Rọ́ṣíà rí i pé omi ewé tábà tí ó ní àrùn ń ran ewé mìíràn síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti gba inú àbẹ́là yìí kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà, ohun tí ó kéré ju gbogbo kòkòrò tí a mọ̀ lọ.

Láti ọdún 1885 títí di 1889, Chamberland ṣojú àwọn ará Jura nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí a ṣí Institut Pasteur ní ọdún 1888, a fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ń lo ìmọ̀ kòkòrò fún ìmọ́tótó. Ní ọdún 1904 ó di igbákejì olùdarí. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1908, ní ẹni ọdún 57.

Ìṣòro tí ó fi sílẹ̀ kò bá a kú. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ omi púpọ̀ ń lo awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ike ṣe, tí ihò rẹ̀ kéré ju ti tánganran lọ, òun náà sì ń dí. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń ta sí i ni pé kí a fi nǹkan kun ojú awọ náà. Ike lásán kò fẹ́ràn omi, nítorí náà ọ̀rá àti ohun yíyọ̀ a tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá fi ohun tí ó fẹ́ràn omi kùn ún, omi fẹ́lẹ́ a dúró lójú rẹ̀ bí aṣọ, ìdọ̀tí kì í sì tètè rí ibi dì mú. Ọ̀kan nínú irú ìkùn bẹ́ẹ̀, tí a kéde ní ọdún 2007, ni a kọ́ lára ẹran omi oníkarahun kan tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta inú òkun. Bákan náà, àwọn amọ̀kòkò kan ń fi amọ̀ àti èèpo ìrẹsì mọ asẹ́, wọn a sì fi fàdákà kùn ún kí kòkòrò má baà lè gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkùn a máa ṣí nígbà tí ó bá pẹ́. Ó ń dín fífọ̀ kù, kò pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ouagadougou. Omi adágún Loumbila àti ti Ziga ni apá púpọ̀ nínú ìlú yìí ń mu lẹ́yìn tí a bá ti tọ́jú rẹ̀, àgbàrá òjò sì ń wọ́ ẹrẹ̀ pupa wọ inú adágún. Ìlú yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè 14 ti pawọ́pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní ọdún 1968, èyí tí a mọ̀ lónìí sí 2iE, níbi tí ọmọ Áfíríkà ti ń kọ́ nípa omi.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di ẹnjiníà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni yóò di olùkọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán wa lọ, bí asẹ́ omi bá wà ní igun kíláàsì, ọwọ́ olùkọ́ ni yóò wà. Àwọn ọmọdé yóò máa bu omi níbẹ̀ láìbèèrè, nítorí pé wọ́n fọkàn tán wa. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣí i wò, kí á sì máa fọ̀ ọ́ ní àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti bá Chamberland pín nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.