Ìwé Tó Sọnù Tí A Tún Kọ: Ìgbésí Ayé Àlùfáà Samuel Johnson

  

Gbogbo àwa tí a ń gbé Jonesboro la mọ̀ pé ìwé kan ló sọ ìlú kékeré yìí di olókìkí. Obìnrin ọmọ Atlanta kan, Margaret Mitchell, ló kọ ìwé Gone with the Wind, tó jáde ní 1936, agbègbè wa yìí ló sì fi ìtàn náà sí. Títí di òní, àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá béèrè ilé kan tí wọ́n ń pè ní Tara, bẹ́ẹ̀ ilé náà kò sí níbì kankan àfi nínú ìwé. Ẹ ò rí i bí ìwé ti lágbára tó! Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó kó ènìyàn lẹ́rú ni ìwé náà fi wo ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ẹrú fúnra wọn ì bá sọ nípa ayé wọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́, bó bá sì ṣe wu onítọ̀hún ni yóò sọ ọ́.

Èyí ló mú wa ronú nípa àwọn kan láàrin wa. A mọ arákùnrin kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìlú bàbá rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, tó sì ti pa á tì sínú àpótí. A mọ ìyá kan tó ń kọ eré àti ìtàn fún àwọn ọmọdé, tó sọ fún wa pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè mọ́, àti pé ta ni yóò tilẹ̀ kà á. Nítorí irú wọn la ṣe fẹ́ sọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson lóṣù yìí, ọkùnrin tó fi ohun tó ju ogún ọdún lọ kọ ìwé kan, tí ìwé náà sì sọnù.

ỌMỌ SÀRÓ TÓ PADÀ SÍLÉ

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ìletò kan lẹ́bàá Freetown, ní Sàró. Ọ̀kan nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni Henry Johnson bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ìdílé rẹ̀ tan mọ́ Aláàfin Abíọ́dún. Nítorí náà, ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa sí ìhín. Èdè ilé àti ìròyìn ilé nìkan ló fi mọ ibi tó ti wá.

Ní nǹkan bí 1858, nígbà tí Samuel kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ìdílé náà bá Àlùfáà David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán níṣẹ́, lọ sí Ìbàdàn. Ní Kúdẹtì, lọ́dọ̀ Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, ni Samuel ti kàwé. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà etí òkun dí, ebi sì pa àwọn ará ilé míṣọ́ọ̀nù dé ibi pé wọ́n ń ta ohun ìní wọn jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Samuel nígbà náà. Ohun tí ogun máa ń ṣe sí ìlú, ojú rẹ̀ ló fi rí i.

Ní 1863 ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Àlùfáà Bühler ti kọ́ ọ. Ní 1866 ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní 1875 ó di katikíìsì, Àrẹ̀mọ ló sì ti ṣiṣẹ́. Ní 1880 wọ́n fi í jẹ díákónì, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà, wọ́n sì fi í ṣe pásítọ̀ ìjọ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

OJÚ OGUN ÀTI OJÚ ÌWÉ

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ wà lápá kejì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ Yorùbá fi ń pa ọmọ Yorùbá. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí kìn-ín-ní kọ̀wé sí gómìnà Èkó pé kí ó wá bá wọn parí ìjà náà, Samuel Johnson ló sì gbé ìwé náà lọ. Ní 1886, nígbà tí Gómìnà Moloney gbà láti làjà, Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ló rán sí àwọn ọba àti àwọn ọ̀gágun. Wọ́n ti ibùdó kan bọ́ sí ìkejì, wọ́n ń bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí o. Iṣẹ́ ìjọ àti iṣẹ́ àlàáfíà ni ọwọ́ ọkùnrin yìí kún fún, kì í ṣe ìwé kíkọ. Síbẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí gan-an ló ti ń rí ohun tí yóò kọ. Gbogbo ọ̀gágun tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìjòyè tó kí, gbogbo ọ̀nà tó rìn, ó ń ṣàkíyèsí, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn ún. Ó rí i pé àwọn tó kàwé láàrin wa mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ bàbá wọn. Ó sì rí i pé àwọn àgbà tí ìtàn wà lẹ́nu wọn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró, kò ní sí ẹni tí a óò bi mọ́.

Fún ìtàn ayé àtijọ́, ó lọ bá àwọn arọ́kin, àwọn tí iṣẹ́ wọn láàfin Ọ̀yọ́ ni láti pa ìtàn àwọn ọba mọ́ sórí. Láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún síwájú, ó wá àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn rí, ó sì gbọ́ tẹnu wọn. Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí onímọ̀ ìtàn, wà nínú àwọn tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ó ń kọ, ó ń fi kún un, títí ó fi parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Àlàyé èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀, àṣà àti ìjọba wà nínú rẹ̀, ìtàn àwọn Aláàfin wà nínú rẹ̀ títí dé ìgbà tí òyìnbó gba ilẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́.

ÌWÉ SỌNÙ

Ní 1899 wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́ọ̀nù kan. Wọ́n dúró, dúró, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ní 1900, àbúrò Samuel, Dókítà Obadiah Johnson, lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì lọ béèrè fúnra rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún un ni pé wọn kò rí ìwé náà mọ́, wọ́n sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Èló ni a óò san fún ogún ọdún? Èló ni a óò san fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ti kú? Ọ̀ràn náà kò yé Obadiah títí, ó sì gbà pé ó lọ́wọ́ kan nínú.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Kò fojú kan ìwé rẹ̀.

ÀBÚRÒ GBA IṢẸ́ Ẹ̀GBỌ́N ṢE

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, a kò bá tí mọ orúkọ ọkùnrin yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n Samuel fi àwọn ìwé ìkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà tí kò tíì tún ṣe sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú ìwọ̀nyí ni Obadiah ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò yá o. Ìbànújẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ mú un rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ ìlú tó ń ṣe ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó sì gba àkókò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà fi wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún dìde sí i, ó sì parí rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1916 ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó nínú ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Appam. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, dá Appam lọ́nà lójú òkun, ó mú un, ó sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà níhìn-ín! Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún náà ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Virginia. Ẹ̀yin ará, láti Jonesboro síbẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan ni nínú mọ́tò. Ìtàn Yorùbá ti dé Amẹ́ríkà ṣáájú wa, nínú ẹrù, lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n gbé.

Wọ́n rí ẹrù náà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún méjì lọ sí i. Ìgbà náà, ogun ti sọ bébà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé sì ti lọ sójú ogun. Ní 1920 Obadiah pẹ̀lú kú. Ní 1921, ilé iṣẹ́ Routledge ní London tẹ The History of the Yorubas jáde, ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rin ojú ìwé dín ọgọ́rùn-ún. Orúkọ Àlùfáà David Hinderer, olùkọ́ rẹ̀ ìgbà èwe, ni Samuel fi sọrí ìwé náà ní ìrántí.

Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní àbùkù. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti sọ ọ́ pé ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ní ohun tí wọn yóò fi kún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bá a jiyàn, ìwé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, Johnson kò dúró de ìgbà tí ọwọ́ yóò dilẹ̀. Bí a bá ń dúró de ìgbà tí kò ní sí iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yìí, a óò dúró títí. Kì í ṣe òun nìkan. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó ni Amos Tútùọlá, tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kọ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ ìwé kíkọ. Òun ló bọ́ ọ.

Èkejì, kí a bi àwọn àgbà nígbà tí wọ́n wà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ ìyá yín láago ní Ṣàkì tàbí ní Iléṣà lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè àlàáfíà, ẹ béèrè ìtàn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ju ohunkóhun nù. Èyí tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ Johnson ló sọnù. Àwọn bébà tí kò dán, èyí tí ẹlòmíràn ì bá fi dáná, ló gba ìwé náà là. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ará ilé.

Ẹ̀kẹrin, kí ará ilé mọ ohun tí a ń ṣe. Obadiah mọ iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi lè parí rẹ̀. Ọkọ tí kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọ̀wé, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá rẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀karùn-ún, àárẹ̀ kì í ṣe òpin. Obadiah pẹ̀lú pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó rántí ọdún tó pa á tì. Ọjọ́ tó tún mú un ni a ń sọ.

Nítorí náà, arákùnrin wa, ṣí àpótí náà. Ìyá wa, àwa yóò kà á, àwọn ọmọ wa náà yóò kà á. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ yóò di ojú ìwé méjìléláàádọ́ta kí ọdún tó yí po. Ìwé ìròyìn ìjọ wa yìí sì ní àyè fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn kékeré. Ẹ fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn.

Olúwa yóò fún wa ní ẹ̀mí ìfaradà, yóò sì jẹ́ kí a fojú ara wa rí èso iṣẹ́ ọwọ́ wa. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò rí i, kí wọ́n bá a nílẹ̀. Àmín.